Ẹsẹ̀ Mi àti Gọ́tà Jàáfárù

Mọ́ńdè, 16 Fẹ́búárì 2015
Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ẹsẹ̀ òsì mi lónìí, nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́ náà fún ogún ọdún yíjú sí fèrèsé. Mo rí i. Mo ní kí ó má tijú, pé èmi tí mo ni ẹsẹ̀ gan-an, bí ó bá ṣeé ṣe, ǹ bá dúró síta nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Ọyún tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní àwọ̀ ewé, bí omi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó ti sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ní òórùn dídùn kan tó burú ju òórùn burúkú lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe wolé-wolé ní Maiduguri yìí. Mo ti ti imú bọ ṣalángá, mo ti ti imú bọ odò ẹran, mo ti ti imú bọ ilé ìdáná àwọn èèyàn ńlá. N kò pàdé irú èyí rí, inú ara èmi fúnra mi ló sì ti ń jáde.

Ìwé ìjábọ̀ iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mò ń kọ èyí sí. Ojú ewé tó kù nínú rẹ̀ jọ pé ó pọ̀ ju ọjọ́ tó kù fún ẹsẹ̀ yìí lọ.

Oṣù mẹ́ta rèé tí irin bọ́ǹbù fò wọ ojúgun mi ní Post Office, níbi tí mo ti lọ ra bátìrì rédíò. Àwọn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò padà sílé. Èmi padà, mo sì ń kùn.

Wẹ́sìdeè, 18 Fẹ́búárì
Ooru. Eṣinṣin mẹ́tàdínlógún lórí nẹ́ẹ̀tì. Ìyá Déwálé ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó ní nítorí atẹ́gùn ni. Ogójì ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, kò tíì mọ irọ́ í pa.

Fúráìdeè, 20 Fẹ́búárì
Dókítà oníṣẹ́ abẹ pè wá jókòó. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè lójú rẹ̀ ni. Ó ka orúkọ oògùn mẹ́fà tí wọ́n ti gún sí mi lára. Ó ní kòkòrò inú egbò náà ti gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, pé bí ó bá wọ egungun tán, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Mo bi í bóyá wọ́n á dì í fún mi kí n gbé e lọ fún Jàáfárù aládùúgbò mi, tó ń ta ìfun àti ṣàkì, kí ó fi kún ọjà rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Déwálé fi gèlè bojú.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, Dókítà Fẹ́yìsayọ̀. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, olùkọ́ ni ní Yunifásítì, ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí ló ń kọ́ wọn. Bó ṣe gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu wa báyìí, ó kúnlẹ̀. Ó ní ohun kan ṣì kù tí a lè dán wò. Kò dá òun lójú, àwọn àgbà ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, èmi náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé:
"Bàbá, omi tí ẹ fi ń wẹ egbò yìí nílé, ibo ló ń ṣàn lọ?"
Mo ní gọ́tà. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tí wọ́n júwe ibi oyin fún.

Sátidé, 21 Fẹ́búárì
Ó wá sílé wa ní Galtimari níbí láti là á yé mi. Ó ní kò sí kòkòrò tí kò ní ohun tó ń jẹ ẹ́. Èyí tó ń jẹ tèmi kéré sí i bí eṣinṣin ṣe kéré sí màlúù. Á lẹ̀ mọ́ ọn, á wọ inú rẹ̀, á bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ á sì bẹ́ ikùn rẹ̀ jáde. Ó ní fééjì ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ibi tí ẹran bá wà ni ọdẹ ń sùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú omi ìdọ̀tí ni wọ́n ti ń wá a.

Mo ní ó ti yé mi, pé yan góra ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí sójà dé ìlú yìí, wọn kò mọ ẹni tó jẹ́ Boko Haram yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta súyà. Àwọn ọmọ àdúgbò, àwọn yan góra tó mú kóńdó lọ́wọ́, àwọn ló ń nawọ́ sí ojúlé: èyí ni, ìyẹn kọ́. Oògùn ni sójà. Kòkòrò gọ́tà ni yan góra.

Ó yé mi o. Ṣùgbọ́n láti inú gọ́tà ni. Inú ẹsẹ̀ mi ló sì ń lọ. Mo dá oúnjẹ àárọ̀ padà sínú báàfù. Ọmọ náà ní òun á sẹ́ ẹ, òun á fọ̀ ọ́, títí kò fi ní ku nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ àfi àwọn ọdẹ náà. Mo ní ìgbẹ́ tí a fọ̀, ìgbẹ́ náà ni.

Mọ́ńdè, 23 Fẹ́búárì
Jàáfárù wá kí mi, ó mú ṣàkì lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ ilé mi ni ilé rẹ̀ wà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló sì ti ń fọ ìfun ẹran láti ìgbà tí a ti mọra. Gọ́tà rẹ̀ dúdú, ó ní ọ̀rá lójú, ó máa ń mí bí ẹ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kọ ìwé sí i nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Duba-gari ló ń pè mí títí dòní, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe wolé-wolé.

Mo sọ fún un pé Duba-gari tuntun ń bọ̀ láti Yunifásítì, obìnrin, pé rúlà ló fi ń wọn jíjìn gọ́tà, kì í gba ẹ̀bẹ̀, ilé tí gọ́tà rẹ̀ bá dúdú, ó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Obì tó ń jẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jẹ ṣàkì náà tán, bí mo tilẹ̀ mọ ibi tó ti fọ̀ ọ́.

Fúráìdeè, 27 Fẹ́búárì
Lọ́la ni Dókítà ń bọ̀ wá bu omi gọ́tà ilé mi. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wo gọ́tà gbogbo ayé, ṣé ó yẹ kí àlejò wá bá tirẹ̀ ní rírùn? Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo fi ìgbálẹ̀ gbá a láti ẹ̀yìn balùwẹ̀ dé ojú títì. Mo da Ísáàlì apakòkòrò ìgò méjì sí i, mo fi omi gbígbóná lé e. Ó funfun bí eyín ìyàwó tuntun.

Sátidé, 28 Fẹ́búárì
Ó bu ìgò mẹ́ta. Ó ní, "Gọ́tà yín mà mọ́ o, Bàbá." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí ó lè tún un sọ.

Tọ́sìdeè, 5 Máàṣì
Kò sí ọdẹ kankan nínú omi ilé mi. Egbò ti fẹ̀ sí i ní ìbú ìka kan. Wọ́n fẹ́ fi nǹkan fá a, mo bú ìyá ẹni tó fẹ́ fá a, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà.

Sátidé, 14 Máàṣì
Dókítà fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi yí ìlú ká, kí n máa júwe gọ́tà fún un. Ta ló mọ̀ wọ́n jù mí lọ? A bu ti ẹ̀yìn odò ẹran, a bu ti 1000 Housing, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fi ògiri gíga bo ẹ̀gbin, a bu ti ìdí ọjà kan tí ajá ti kú sínú rẹ̀ kí Ọlọ́run tó dá gọ́mìnà. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà kò bì. Ó ń yọ̀ ni.

Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò àwọn sójà lójú títì, ọ̀kan nínú wọn ní kí a ṣí kúlà tí a kó ìgò sí. Ó béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Ẹnu mi ló ń yún mi. Mo ní kúnú ni. Ó ní ó dáa, Bàbá, mu ún kí n rí i, nítorí gbogbo ohun mímu tó bá kọjá níbẹ̀, ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ ti ojú bọ àtẹ́lẹwọ́. Mo ṣí ìgò ti ajá, mo gbé e súnmọ́ imú sójà náà pé kí ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó bì sórí àpò iyanrìn wọn. Àwọn yòókù gbé ìbọn. Ìgbà yẹn ni mo rí orúkọ àyà rẹ̀, Débọ́lá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀, mo ká ṣòkòtò kí ó rí báńdéèjì. Ó nu ẹnu, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó wá kọjú sí Dókítà.
"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má jẹ́ kí Bàbá yìí tún sọ̀rọ̀ níbi tí ìbọn bá wà."

Tọ́sìdeè, 19 Máàṣì
Ọdẹ wà nínú omi odò ẹran, ṣùgbọ́n wọn kò mọ kòkòrò tèmi. Yan góra àdúgbò mìíràn. Ó ní àfi kí òun tún padà sí ibi tí kòkòrò náà ń gbé, ìyẹn ilé mi.

Sátidé, 21 Máàṣì
Ó tún bu omi. Nítorí pé ó yìn mí nígbà àkọ́kọ́, ìgò Ísáàlì mẹ́ta ni mo lò lánàá.

Mọ́ńdè, 23 Máàṣì
Oníṣẹ́ abẹ fi fótò hàn mí. Òjìji kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun mi, ó ní ìṣísẹ̀ kan àbọ̀ ló kù kó wọ inú egungun. Ó dá ọjọ́: Mọ́ńdè, 13 Épírì, wọ́n á gé e. Mi ò rí ohun kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wò yíká yàrá náà wá nǹkan, n kò rí.

Tọ́sìdeè, 26 Máàṣì
Dókítà pè lórí fóònù. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yé òun tì. Kì í ṣe pé ọdẹ kò sí nínú omi gọ́tà mi nìkan, ẹran pàápàá kò sí, kòkòrò kankan kò sí. Ó ní omi náà mọ́ ju èyí tí àwọn ń mu ní Yunifásítì lọ.
Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Fúráìdeè, 27 Máàṣì
Ìyá Déwálé rí ìgò Ísáàlì márùn-ún lẹ́yìn balùwẹ̀. Ó tò wọ́n síwájú mi lórí ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọlọ́pàá tó rí ẹ̀rí. Ó béèrè ọjọ́ tí mo lò wọ́n. Mo sọ. Ó jókòó.
"Wọ́n ní kí ẹ mú ẹlẹ́rìí wá, Bàbá Déwálé, ẹ sì pa ẹlẹ́rìí. Ẹ fi Ísáàlì pa ẹsẹ̀ yín."
Mo ní ìtìjú ni kò jẹ́. Ó ní ìtìjú wo, lọ́wọ́ ọmọ tó ń wá ìgbẹ́ kiri? Kò sunkún. Ó bá mi mú fóònù, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ́wọ́ fún Dókítà. Ọmọ náà ní, "Ó dáa, Bàbá. Omi tiyín, lẹ́yìn ilé yín, ibo ló tún ń gbà?"
Ìyá Déwálé ló dáhùn. Ó ní ó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí ti Jàáfárù ni. Pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ Ísáàlì, omi egbò oṣù mẹ́ta ló ti lọ jókòó síbẹ̀.
Nínú gbogbo gọ́tà ayé yìí, ti Jàáfárù ló wá jẹ́.

Sátidé, 28 Máàṣì
Ìdìbò. Kò sí mọ́tò tó lè rìn. Ẹsẹ̀ ń ta mí bí iná.

Mọ́ńdè, 30 Máàṣì
Láàárọ̀ ni mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì. Mo yọjú. Jàáfárù ni, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ń kó gọ́tà rẹ̀. Fún ọdún méjìlélógún ni mo bẹ ọkùnrin yìí, mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo mú un lọ sí kóòtù. Òní ló yàn. Àpò sìmẹ́ńtì tó ti kún fún ẹrẹ̀ dúdú ti tò lọ́nà, ìgò Ísáàlì kan sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò tíì ṣí i.

N kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo di ara ògiri mú, Ìyá Déwálé ń pariwo lẹ́yìn mi. Mo ní:
"Jàáfárù, má kó o mọ́."
"Duba-gari, ṣebí ìwọ lo ní obìnrin yẹn á ti ilé mi pa."
"Irọ́ ni mo pa."
Ó fara ti ṣọ́bìrì. "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lo kọ ìwé sí mi."
"Mo mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run, fi gọ́tà rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdọ̀tí rẹ ni mo fẹ́."
Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó pe Mùínátù ìyàwó rẹ̀ jáde pé kó wá gbọ́ bí Duba-gari ṣe ń tọrọ ìdọ̀tí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta níwájú Mùínátù, òógùn ń dà sí mi lójú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jókòó sórí àga Ísáàlì tí mo tú báńdéèjì. Ẹ̀rín dá. Eṣinṣin ti orí ìfun dìde wá bá mi. Jàáfárù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, kò di imú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó padà fún mi.
"Ṣé èyí ló wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí ò ń ṣe yẹn?"
Mo ní wọ́n máa gé e ní Mọ́ńdè méjì sí i.
Ìdajì gọ́tà náà ṣì kù, ìdajì tó burú jù. Ó gbé báàfù omi ìfun, ó dà á sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láti fi kún un. Mo bì. Ó fún mi lómi mu.

Túsìdeè, 31 Máàṣì
Dókítà bu ìgò mẹ́fà. Jàáfárù ló ń ràn án lọ́wọ́, ó ń fi igi ru ìsàlẹ̀ sókè fún un, ó ń yan èyí tó nípọn bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àna.

Fúráìdeè, 3 Épírì
Ó gbé e wá fi hàn mí fúnra rẹ̀. Àwo ike pẹlẹbẹ kan ni, a fi ìdérí bò ó. Kòkòrò mi ti hù kún inú rẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé kan náà tí mo mọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ sì wà lójú rẹ̀ káàkiri, ó mọ́ gaara, bí aṣọ tí kòkòrò ti jẹ. Ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní, ibẹ̀ ni ọdẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ka ihò ogójì, ojú mi wá ṣú. Mo ní kí ó gbé e kúrò kí n tó bì. Ṣùgbọ́n mo tún ní kí ó kọ́kọ́ fi han Ìyá Déwálé.

Tọ́sìdeè, 9 Épírì
Ọjọ́ mẹ́fà ló fi sẹ́ ẹ, tó fi fọ̀ ọ́, tó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Oníṣẹ́ abẹ ní kí a má retí iṣẹ́ ìyanu, pé oògùn sójà kan ṣì gbọ́dọ̀ wà lára mi bí yan góra bá ń wọlé. Omi inú ìgò náà mọ́ lóló, kò rùn rárá. Kò sí ohun tó tíì rí mi lára tó o. Bí ó bá rùn ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà. Wọ́n rẹ aṣọ egbò sínú rẹ̀, wọ́n fi dí ihò ojúgun mi. Mo wo òkè àjà, mo ń rántí báàfù Jàáfárù. Mo gbé èébì mì.

Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, láti òní lọ. Wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn.

Sátidé, 11 Épírì
Ibà. Mo gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún. Mo sọ fún Ìyá Déwálé pé tí mo bá kú, kí wọ́n kọ ọ́ síbi sàréè mi pé gọ́tà aládùúgbò ló pa á. Ó ní kí n panu mọ́. Ó ti kó ẹní rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi nílé ìwòsàn.

Mọ́ńdè, 13 Épírì
Wọn kò fún mi lóúnjẹ láàárọ̀, nítorí ọjọ́ gígé ni. Oníṣẹ́ abẹ wọlé, ó tú báńdéèjì. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí wà níbẹ̀. Mo ń wo nọ́ọ̀sì, n kò wo ẹsẹ̀. Kò yíjú sí fèrèsé.

Oníṣẹ́ abẹ fi ìka tẹ etí egbò. Ó ní ọyún ti dín, ohun tó wà níbẹ̀ kò láwọ̀ ewé mọ́. Ó wo Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ pẹ́. Ó ní òun fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní kí ó fi oúnjẹ àárọ̀ mi kún un.

Wẹ́sìdeè, 22 Épírì
Ẹran pupa ti ń hù nínú egbò. Ó rí bí ẹnu ọmọ tuntun. Ó tún rí mi lára, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀. Ọjọ́ gígé ti di ohun tí ẹnì kan kò dárúkọ mọ́.

Fúráìdeè, 15 Méè
Wọ́n ṣòfin kónílé-ó-gbélé lánàá, a gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà jíjìn. Jàáfárù fo ògiri wá jókòó tì wá nílé. Ó bi mí bóyá ọ̀kan nínú ọdẹ gọ́tà rẹ̀ ti kú. Mo ní kí ó má bẹ̀rù, ìdílé rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ó ní ó dáa, pé láti ìsinsìnyí lọ àna òun ni mí, kí n máa kí òun bó ṣe yẹ.

Fúráìdeè, 5 Júùnù
Òjò àkọ́kọ́. Eruku fò, ilẹ̀ gbóná mí sókè, gbogbo gọ́tà Galtimari kún bo ojú títì. Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ wá wo egbò. Àpá ló kù, ó dán, ó rẹwà bí ẹ̀yìn ìgbín. Ó ní òjò báyìí ló ń mú onígbáméjì wá, pé òun ti tọ́jú àwọn ọdẹ sínú fíríìjì, a kò nílò gọ́tà Jàáfárù mọ́, kí a kó o kíákíá. Ó ní Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ bá wọn sọ ọ́.

Sátidé, 6 Júùnù
Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni láti ẹnu ọ̀nà mi dé tirẹ̀. Mo kà á, pẹ̀lú ọ̀pá, láìdi ògiri mú. Jàáfárù wà lórí ìjókòó, ó ń fọ ìfun. Mùínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Déwálé dúró lẹ́nu tiwa. Mo dúró létí gọ́tà náà lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo fa imú. Ó wọ ọpọlọ mi, omi jáde lójú mi.

"Jàáfárù," mo ní, "gọ́tà rẹ ń rùn. Ọjọ́ méje ni mo fún ọ."

Kò gbé ojú sókè. Ó ṣẹ́ omi kúrò lára ìfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhamdulillahi," ó ní. "Duba-gari ti dé."